Dọ́là Spéìn tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé: oval, onígun mẹ́jọ, àbí 960 réis?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra owó fàdákà àtijọ́, ara kan náà làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ní o, dọ́là Spéìn ni (8 reales), ó wúwo tó bíi gíráàmù 27, Mẹ́síkò, Lima (ní Peru) àti Potosí (ní Bolivia) ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n lù lé e lórí lẹ ń sanwó fún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí oval, ìyẹn èyí tí òǹtẹ̀ ẹ̀ rí bí ẹyin. Lọ́dún 1797 owó fàdákà ṣọ̀wọ́n ní Ìlú Ọba, ni Báǹkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá kó dọ́là Spéìn síta, wọ́n lu orí kékeré ọba George Kẹta mọ́ ọrùn ọba Spéìn, wọ́n ní kó máa jẹ́ ṣílè mẹ́rin àti pẹ́nì mẹ́sàn-án. Làwọn aráàlú bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí ọba méjì pa pọ̀, kò tó adé kan (crown, ìyẹn owó ṣílè márùn-ún)! Wàhálà ẹ̀ ni pé òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń lu ṣíbí àtàwo fàdákà tí wọ́n ti san owó orí ẹ̀ náà ni wọ́n lò, kíá làwọn oníjìbìtì ti ṣe tiwọn. Lójú tèmi òun ló dùn ún wò jù, òun náà ló sì léwu jù.

Onígun mẹ́jọ jáde ní 1804, ó tóbi ju oval lọ, ṣílè márùn-ún sì ni. Wọ́n tún ṣe ayédèrú ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí Matthew Boulton, tó ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lu owó, tún gbogbo ojú owó lù ní Soho, Birmingham, lọ́dún yẹn náà. Onígun mẹ́jọ yìí ṣọ̀wọ́n ju oval lọ, ó sì wọ́n jù ú lọ. Tówó ò bá tó, ẹ fi í sílẹ̀.

960 réis ti Bràsíl ní tiẹ̀ (réis lorúkọ owó wọn nígbà yẹn), láti 1810 ni wọ́n ti ń lù ú, gbogbo ojú ẹ̀ ni wọ́n lù kì í ṣe igun kan, ìjọba á ra dọ́là lówó tó kéré sí 960, wọ́n á lù ú tán, èrè di tiwọn. Ó pọ̀ nílẹ̀, kò sì wọ́n bíi tàwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbé e sábẹ́ iná, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà Spéìn tàbí ọdún àtijọ́ lè yọ lábẹ́ àgbélébùú àti ayé róbótó tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀yí tó bá yọ dáadáa ni kẹ́ ẹ mú. Àwọn tó ní lẹ́tà B, Bahia ni wọ́n ti lù wọ́n, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ nígbà yẹn, tèmi B ni mo máa ń wá.

Ti Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn gan-an níbi tí òǹtẹ̀ bá sí, ó yẹ kó tẹ́ díẹ̀ torí òòlù ló bà á, tó bá gún régé ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè dáadáa. Ẹ wọ̀n ọ́n. Kẹ́ ẹ sì wo ọdún ara owó náà, tí wọ́n bá gbé dọ́là 1806 wá tó ní òǹtẹ̀ onígun mẹ́jọ, ẹ dá a padà fún un, torí 1804 ni wọ́n lu òǹtẹ̀ yẹn.