Kẹ́míkà nínú oúnjẹ àbí nínú abẹ́rẹ́: èwo ló ń fi ìwà eku hàn dáadáa?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí kaféènì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun lọ, ń ṣe sí ìwà eku ilé àyẹ̀wò, abẹ́rẹ́ ló yá jù. Wọ́n á wọn eku náà, wọ́n á ṣírò oògùn sí ìwọ̀n ara rẹ̀, wọ́n á gún un níkùn; láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti dé ọpọlọ. Ìwọ̀nba á mú un máa sá káàkiri. Bó bá pọ̀ jù, ìrìn rẹ̀ á dínkù.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ń dẹ́rù ba ẹranko. Bó tilẹ̀ jẹ́ omi iyọ̀ lásán ni wọ́n gún un, èròjà ìpayà lè ròkè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn eku kan fi gbọ́dọ̀ gba omi iyọ̀ nìkan, ká lè fi wọ́n wé àwọn tó gba oògùn. Kódà, bí wọ́n ṣe gbé ẹranko náà lè dẹ́rù bà á: ìwádìí àwọn onímọ̀ Hurst àti West ní 2010 fi hàn pé èkúté tí wọ́n fi ìrù gbé ń bẹ̀rù ju èyí tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọnú ọ̀pá oníhò tí wọ́n fi gbé e.

Fífi oògùn sínú oúnjẹ kò ní wàhálà yìí, ó sì dára fún ìwádìí olóṣù púpọ̀. Àmọ́ ta ló mọ iye tí eku kọ̀ọ̀kan jẹ nínú àgò kan náà? Òru ni wọ́n ń jẹun jù, wọ́n sì máa ń fura sí adùn tuntun. Ebi lásán lè yí ìwà eku padà, ká máa rò pé oògùn ni.

Ní ti sẹrotóníìnì, kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, mi ò ní yan abẹ́rẹ́ ikùn: agbára káká ló fi ń wọ ọpọlọ. Tryptophan inú oúnjẹ, tí ara fi ń ṣe é, ń wọ̀ ọ́.