Firewall: ti router, ti Windows àbí èyí tí à ń rà?

Ẹ ti fa íntánẹ́ẹ̀tì tuntun wọlé, ó wá ku firewall, ìyẹn aṣọ́nà tó ń dá ohun tí a kò fẹ́ dúró, tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ fara balẹ̀ ná: ó ṣeé ṣe kí méjì ti wà nílé yín.

Ti inú router, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kiri ilé, ni èkíní. Nítorí NAT (ọgbọ́n tó ń jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ ilé jùmọ̀ lo àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan), ohun tí ẹ̀rọ inú ilé kò bá béèrè kì í ráyè wọlé láti ìta, ì báà jẹ́ fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n. Àbùkù rẹ̀ ni UPnP, ètò inú router tó ń jẹ́ kí áàpù ṣí pọ́ọ̀tù (ilẹ̀kùn tí ìsọfúnni ń gbà wọlé) láìgbàṣẹ. Ẹ pa á bí ẹ kò bá nílò rẹ̀. IPv6, irú àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tuntun, kì í sábà gba inú NAT, nítorí náà ẹ wò ó bóyá firewall tirẹ̀ náà wà ní títàn.

Ti Windows, tó ti ń wà ní títàn láti ìgbà Service Pack 2 ti XP lọ́dún 2004, ta router yọ nínú ilé. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani: bí kọ̀ǹpútà àlejò tó ti kó kòkòrò bá wọ Wi-Fi yín, ó ṣòro kí router dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò WannaCry ṣe ń ràn láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn lọ́dún 2017, ó ń gba pọ́ọ̀tù 445, tí Windows fi ń pín fáìlì.

Kí wá ni ti olówó ń ṣe? Lójú tèmi, ohun kan ló tọ́ kéèyàn tìtorí ẹ̀ sanwó: ohun tó ń jáde. Windows a máa jẹ́ kí áàpù jáde bó ṣe wù ú, àfi bí ẹ bá ṣòfin fún un. Àwọn kan lára ti olówó a máa kọ́kọ́ bi yín. Ìbéèrè ọ̀hún á sì pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ á kàn máa tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” sí gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ara yín sí bẹ́ẹ̀, ẹ má rà á.

Àyẹ̀wò ló ń tan oníbàárà jẹ. ShieldsUP!, ìkànnì àyẹ̀wò ti Gibson Research, á kanlẹ̀kùn yín láti ìta, á sì sọ bóyá pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ṣí, ó tì, tàbí kò dáhùn rárá. Èsì á dára, ẹ ó máa yin sọ́fítíwíà, bẹ́ẹ̀ router ló ṣiṣẹ́. (Ẹ pa VPN, tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì yín gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, kẹ́ ẹ tó ṣe é, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ẹlòmíràn lẹ ń kàn.)

Kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ilé kan náà ló lè dán sọ́fítíwíà wò. Ẹ fi Nmap, sọ́fítíwíà tó ń yẹ pọ́ọ̀tù wò, sí i, kẹ́ ẹ ní kó wo pọ́ọ̀tù 445 lórí ti àkọ́kọ́. Bó bá kọ “filtered”, firewall ti gbé ìbéèrè náà mì. Bó bá kọ “open”, ẹ wo bóyá Windows ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sí Private (èyí tó fọkàn tán). Ẹ yí i sí Public (èyí tí kò fọkàn tán), kẹ́ ẹ tún dán an wò. Bí Windows nìkan bá ti gba “filtered”, kò sí ohun tí ti olówó máa fi kún un níbẹ̀.