Àyẹ̀wò Ilé Iṣẹ́ Wẹ́dà kan ní Àkúrẹ́ fún Àtúnṣe Ṣásí Ọkọ̀ Oko

Wẹ́dà kò wọ́n ní Àkúrẹ́. Láti Arákàlẹ̀ títí dé Ọ̀bà-Ilé ni ìró ẹ̀rọ fáìlì ti ń dún láti àárọ̀, ṣùgbọ́n géètì, wíńdò àti ilẹ̀kùn irin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣásí ọkọ̀, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, yàtọ̀ sí géètì, nítorí pé ṣásí a máa lọ́, a máa tẹ̀, a sì máa padà sí ipò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí táyà bá kó sí kòtò. Ilé iṣẹ́ tí mo ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ yìí wà ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Ìdànrè, àwọn ọkọ̀ tó ń gbé kòkó àti pákó ló sì pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń gbé wá síbẹ̀. Mo jẹ́ kí sáà òjò kan kọjá lórí iṣẹ́ wọn kí n tó kọ èyí, nítorí pé iṣẹ́ wẹ́dà tí a bá yìn lọ́jọ́ tí a gba ọkọ̀, ọ̀dà la yìn.

Toyota Tacoma ọdún 2006, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, ni mo gbé lọ. Ó yẹ kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ mọ̀ pé ní ọdún 2016, Toyota gbà láti yanjú ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà lórí ṣásí tó ń dípẹtà lára Tacoma ọdún 2005 sí 2010, Tundra ọdún 2007 àti 2008, àti Sequoia ọdún 2005 sí 2008. Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí ojú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́ a máa wọ inú ṣásí, a sì máa jẹ irin láti inú wá síta. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú ọ̀dà dúdú tó ń dán lábẹ́ rẹ̀ (àwọn tó ń ta ọkọ̀ mọ iṣẹ́ ọ̀dà ju àwọn akunlé lọ), kí ẹni tó rà á má sì mọ nǹkan kan títí yóò fi gbé àpò kòkó mẹ́wàá sí i, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé ní kílò 60.

Ọ̀gá wọn kò dá owó kankan lé iṣẹ́ kí ó tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n fọ ẹrẹ̀ kúrò, ó fi òòlù kékeré lu ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń fetí sí ìró rẹ̀, ibi tí ìró náà kò bá sì dún gan-an ni ó ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún. Ọ̀nà yìí ló fi rí i pé irin ti sán lẹ́bàá ibi tí súpíríǹgì ẹ̀yìn so mọ́, níbi tí ṣásí Tacoma ti ṣí sílẹ̀ ní apá kan bíi lẹ́tà C.

Bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Wọ́n yọ orí bátìrì, wọ́n tú bíréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ọkọ̀), wọ́n sì sọ táǹkì epo kalẹ̀ kí wọ́n tó tan iná rárá. Wọ́n fi igi àti jáàkì gbé ṣásí náà kí ó lè tẹ́ gẹ́lẹ́, wọ́n sì fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun kan sí igun kejì ní ìdábùú, nítorí pé ṣásí tó bá wọ́ nígbà tí a ń fi iná wẹ́dà jó o pọ̀ yóò máa jẹ táyà títí ayé. Wọ́n lu ihò kékeré sí òpin ibi tí ó sán kí ó má baà máa sán lọ, wọ́n fá ojú rẹ̀ jìn, wọ́n jó o, wọ́n sì fáìlì rẹ̀ dọ́gba kí wọ́n tó gbé irin mìíràn lé e. Irin tí wọ́n gbé lé e kò nípọn ju ti ṣásí fúnra rẹ̀ lọ ní ohun tí ojú lè rí, wọ́n sì gé orí rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó, débi pé kò sí ojú jíjó kankan tó dá ṣásí náà bùú lóòró. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jó o, wọn a jó ìhín, wọn a fi sílẹ̀ kí ó tutù, wọn a sì bọ́ sí ọ̀hún. Ẹlẹ́kítíróòdù 7018, ọ̀pá tó ń yọ́ sí ojú irin tí a ń jó, ni wọ́n lò, inú agolo tó ní ìdérí ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí pé bí ọ̀rinrin bá ti wọ irú rẹ̀, ojú jíjó lè sán lẹ́yìn tí ó bá tutù. Nígbà tí iná ìjọba rẹlẹ̀, wọ́n dáwọ́ dúró títí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀.

Ohun tí wọ́n kọ̀ láti ṣe ló mú kí n fọkàn tán wọn jù. Bàbá kan tó gbé Hilux wá ń bẹ ọ̀gá náà pé kí ó fi irin nínípọn bo òkè àti ìsàlẹ̀ ṣásí òun, kí ó lè máa gbé pákó púpọ̀ sí i. Ọ̀gá náà dá a lóhùn pé: “Ẹ má bínú sà, bí a bá fi irin líle síbẹ̀, ibi tí irin náà bá parí sí gan-an ni yóò ti ṣẹ́.” Òótọ́ ni. Òkè àti ìsàlẹ̀ ṣásí ni ẹrù ń fà tó sì ń tẹ̀ jù lọ, ìhà ẹ̀gbẹ́ ló sì yẹ kí àlẹ̀mọ́ wà. Ẹlòmíràn ìbá gba owó bàbá náà kí ó sì jó irin náà mọ́ ṣásí.

Wọ́n ní àléébù. Ọ̀dà pupa tí wọ́n kùn sí ìta kò dé inú ṣásí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yìn ibi tí a jó ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí pé iná ti jó ọ̀dà ibẹ̀ dànù. Èmi ni mo ní kí wọ́n fọ́n ọ̀dà àti gíríìsì sínú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa ṣe é láìjẹ́ pé oníbàárà sọ. Bọ́ńpà ẹ̀yìn tí wọ́n fi irin ṣe fún mi lágbára, ṣùgbọ́n kò lẹ́wà rárá. Mo sì rí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tó ń fáìlì irin láìwọ ìgò ojú, èyí tí kò bójú mu níbi iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní bí èyí. Wọn kì í yára, nítorí náà kí ẹni tó bá ń kánjú lọ síbòmíràn.

Owó wọn ju ti wẹ́dà ẹ̀bá títì lọ, ṣùgbọ́n wọ́n kọ owó irin, owó ẹlẹ́kítíróòdù àti owó iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, wọn kò sì yí i padà. Títí di ìsinsìnyí, ojú jíjó náà kò sán, táyà ẹ̀yìn méjèèjì sì ń jẹ dọ́gbadọ́gba. Bí irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó náà bá ń wọlé ní ibi púpọ̀ lára ṣásí yín, wọn yóò dá yín padà pé kí ẹ lọ ra odidi ṣásí. Ẹ fọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ jẹ́ kí epo inú táǹkì kéré, kí ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀ ọ̀dà inú ṣásí nígbà tí wọ́n bá ń kọ owó náà sílẹ̀.