Paragon àti Renegade nínú Mass Effect 2: ta ni Shepard gan-an?

Mass Effect 2, géèmù tí BioWare gbé jáde ní 2010, ṣì dùn ún gbá, pàápàá nínú Legendary Edition ti 2021, àkójọ apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n tún ṣe. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ètò ìwà rẹ̀ kì í wo irú èèyàn tí Shepard, ọ̀gágun tí ẹ ń darí, jẹ́, àwọ̀ tí ẹ ń tẹ̀ ló ń wò. Búlúù ni Paragon, ti oníwà pẹ̀lẹ́. Pupa ni Renegade, ti ẹni tó ní iṣẹ́ gbọ́dọ̀ yanjú, ẹni tó bá fẹ́ kó sunkún.

Nínú Mass Effect àkọ́kọ́ ti 2007, ńṣe lẹ máa ń fi máàkì sórí Charm (fífi ọ̀rọ̀ dídùn rọni) tàbí Intimidate (fífi ọ̀rọ̀ halẹ̀ mọ́ni) bí ẹ ṣe ń fi sórí ìbọn. Bí ọ̀kankan nínú méjèèjì ò bá tó 8, Wrex, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ yín, ò ní gbọ́ ìpẹ̀ ní pílánẹ́ẹ̀tì Virmire, àfi tí ẹ bá ti bá a gba ìhámọ́ra ìdílé rẹ̀ wá. Apá kejì pa ìyẹn tì. Ó ń ka gbogbo máàkì tó wà níbi tí ẹ ti dé, ó wá ń wo ìdá tí ẹ rí kó nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe búlúù lónìí, pupa lọ́la, máàkì rẹ̀ lè pọ̀ o, ìdá rẹ̀ ò ní tó nǹkan níbì kankan.

Ibi tó ti ń dunni ni ìjà Miranda àti Jack, obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ Shepard. Bí ẹ bá ti parí iṣẹ́ ara ẹni (loyalty mission) ti Miranda àti ti Jack, àwọn méjèèjì á gbéná wojú ara wọn nínú ọ́fíìsì Miranda. Ọ̀rọ̀ tó lè pẹ̀tù sí i wà lápá òsì, ṣùgbọ́n bí ìdá yín ò bá tó, á ṣá, kò ní ṣeé tẹ̀. Ẹ̀yìn ẹnì kan lẹ ó wà, ẹnì kejì á sì kọ ẹ̀yìn sí yín. Ká ní Jack ni, tí ẹ sì tún ní kó fi agbára rẹ̀ bo ẹgbẹ́ nínú ibùdó àwọn Collector, ọ̀tá inú géèmù náà, àwọn kòkòrò á gbé ẹnì kan lọ. Tali àti Legion, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà, ní irú ìjà yìí.

Ẹ wo Cathka, mẹkáníìkì ọ̀tá tó ń tún bàálù ìjà wọn ṣe ní Omega, ibùdó kan lójú òfuurufú, nígbà tí ẹ bá ń wá Archangel, ẹni tí ẹ fẹ́ fi kún ẹgbẹ́ yín. Ó kọ ẹ̀yìn sí yín. Àmì pupa tàn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, Shepard á fi irinṣẹ́ oníná gún un lẹ́yìn, bàálù náà á sì jáde láìtíì tún tán, ìjà á fúyẹ́. Ọlọ́gbọ́n ọ̀gágun èyíkéyìí lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àmọ́ inú àpò kan náà ni géèmù yìí kó o sí pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ tí Shepard lè fún akọ̀ròyìn obìnrin lójú kámẹ́rà. Báwo lèyí ṣe jọ ìyẹn? Ohun tó ń tìdí rẹ̀ jáde ni pé èèyàn á dẹ́kun àtika ìdáhùn. Òkè (ìdáhùn Paragon) ni yóò máa tẹ̀ ṣáá, tàbí ìsàlẹ̀ (ti Renegade).

Pupa tún ń jẹ́ kí àpá ojú Shepard máa là, kó máa tàn bí ẹyin iná. Platinum 50,000, irin tí ẹ ń wà nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, ni ẹ fi ń ra ẹ̀rọ tó ń wo àpá náà sàn nínú ọkọ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín: irin lẹ fi ń ra ojú ọmọlúàbí, ìwà ò yí padà.

Mass Effect 3, ní 2012, da méjèèjì pọ̀ sínú Reputation kan ṣoṣo. Shepard lè wá le mọ́ ọ̀tá, kó sì rọ̀ fún ará ilé. Ohun tó yẹ kí apá kejì ti ṣe nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ gbá apá kejì báyìí, ẹ kó save apá àkọ́kọ́ wọlé, torí ó máa ń fi máàkì kún un. Ẹ tètè gbé agbára kíláàsì yín, irú jagunjagun tí ẹ yàn, ga (Combat Mastery ni ti Soldier), òun náà ń gbé ìdá yẹn sókè. Ìdáhùn àárín kì í sábà mú nǹkan kan wá, ẹ má fi ṣe àṣà. Kẹ́ ẹ sì tó lọ parí iṣẹ́ ẹnì kejì nínú Miranda àti Jack, ẹ ṣe save ọ̀tọ̀, kí ẹ má kọ ọ́ lé ti àtẹ̀yìnwá.