Mo to Piper Cub onírọ́bà: àwòrán dára, igi ìdí rẹ̀ wúwo

Ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ni mo fi to bàálù yìí, lálaalẹ́, ní Kétu níbí. Àwòkọ kékeré Piper Cub ni, bàálù gidi kan láti Amẹ́ríkà: igi bálísà tó fúyẹ́ àti bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 46. Rọ́bà tí a bá lọ́ ló ń yí abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Paris ló rà á ní yúrò 35, nǹkan bíi 23,000 fránkì wa. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí mo ní ẹjọ́ rẹ̀ láti rò.

Ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ mọ iṣẹ́. Bí bàálù náà ṣe máa tóbi tó gan-an ló ṣe yà á: ẹ ó tẹ́ ọ̀rá lé e, ẹ ó fi abẹ́rẹ́ kan ọ̀pá igi mọ́ orí ìlà, ẹ ó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé àlàyé, Faransé ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, síbẹ̀ mi ò ṣìnà. Lésà ni wọ́n fi gé àwọn egungun ìyẹ́. Ẹ fi ìka tì í, á já bọ́.

Igi ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bálísà kì í rí bákan náà. Òmíràn a wúwo tó méjì èkejì, bí wọ́n tilẹ̀ jọ fẹ̀, tí wọ́n jọ nípọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Mo kó àwọn igi náà hàn án. Ó gbé wọn lé àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀. "Èyí wúwo. Níbo ló ń lọ?" Mo ní ìrù ni. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹni tó fi síbẹ̀ ò tíì ru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jó rí."

Òótọ́ ni. Imú Cub kúrú, ìrù rẹ̀ jìnnà. Gíráàmù 1 lẹ́yìn, bíi 3 ló máa bèèrè níwájú kí bàálù tó lè dúró déédéé lórí ìka, níbi ìdá mẹ́ta ìyẹ́ láti iwájú. Mo fi sáńpépà fá ìrù títí, síbẹ̀ amọ̀ gíráàmù 5 ni mo lẹ̀ mọ́ imú, nínú gíráàmù 31 tí gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Ẹrù òfo.

Ìwé tún ní ká lẹ imú pa. Bí rọ́bà bá já nínú ikùn bàálù ńkọ́, ṣé ká la ikùn ni? Mo jẹ́ kí tèmi máa yọ. Rọ́bà inú páálí ti gbẹ, ó já kí n tó lọ́ ọ dé 60. Àbúrò mi fi òmíràn ránṣẹ́. Mo fi òróró lárà pa á, mo sì máa ń fà á gùn kí n tó lọ́ ọ. Ti ọyẹ́, ẹjọ́ ilé iṣẹ́ kọ́: bébà fún mọ́ igi bí awọ ìlù, ìyẹ́ òsì sì lọ́. Ooru omi híhó ni mo fi tún un ṣe.

A lọ sí pápá ilé ìwé kí afẹ́fẹ́ tó jí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gbé imú sókè, ó dúró lófuurufú, ó já lulẹ̀. Mo ki igi tín-ín-rín sẹ́yìn òkè imú, kí abẹ̀bẹ̀ lè dojú kọlẹ̀ díẹ̀, mo sì yí i sọ́tùn-ún díẹ̀. Nígbà tí mo lọ́ rọ́bà dé 300, ó yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú àáyá 22. Alphonse Pénaud, tó fi bàálù onírọ́bà tirẹ̀ han àwọn èèyàn ní Paris lọ́dún 1871, 11 ló ṣe. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀.

Bí ẹ bá ní sùúrù àti òṣùwọ̀n kékeré, ẹ rà á nítorí àwòrán. Ọmọdé tó fẹ́ fi fò lónìí, ẹ má rà á fún un. Tèmi balẹ̀ sórí páànù ilé kan lọ́jọ́ Sátidé, ìrù kán. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n má tíì lẹ̀ ẹ́. Ó ti ń wo igi kan lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀.