Kílíńìkì kan ní Kàbà tí wọ́n ti gbọ́ tẹnu mi

Ọ̀kun o ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tí ibà ti lọ lára ẹ̀ tí okun ò padà, kó jọ̀ọ́ ka èyí.

Gàrí ni mo ń yan tà. Ikọ́ àti ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 9, imú mi ò tiẹ̀ gbóòórùn irú mọ́, ibà lọ, ikọ́ lọ, àmọ́ oṣù 5 lẹ́yìn ẹ̀ tí mo bá gbé garawa omi kan ṣoṣo àyà mi á máa lù kìkìkì, tó bá di ọjọ́ kejì mi ò ní lè dìde lórí ẹní. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, táífọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é ṣáá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fa omi sí mi lára, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sanwó.

Dókítà obìnrin tó wà níbi tí mò ń sọ yìí jẹ́ kí n rojọ́ tán kó tó mú bírò. Ó ní, "Màmá, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe fún yín níbẹ̀, Widal, lè máa mú táífọ́ọ̀dù jáde fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tó ti lọ." Owó mi dùn mí o! Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ há mi níka bí ẹni há aṣọ sórí okùn, ó ka 97 nínú 100, ó ní kí n máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun náà ń tẹ̀lé mi, ó ń wojú ẹ̀rọ, ó bọ́ sí 94. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n yẹ ṣúgà wò, ó rán mi lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò lọ́dọ̀ ìjọba nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ nìyẹn. Wọn ò rí nǹkan kan.

Ìgbà yẹn ló tó sọ pé òun ò lè búra pé kòrónà ni torí mi ò ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ nígbà náà, àmọ́ kòrónà tó ń fi àìlera sílẹ̀ sára fún ìgbà pípẹ́ wà, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ṣàlàyé ẹ̀ láti 2021, pé tí àìlera náà bá ṣì wà lára ní oṣù 3 lẹ́yìn tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, tó ti ń ṣèèyàn fún oṣù 2 ó kéré tán, tí wọn ò sì rí àìsàn mìíràn tó fà á, òun nìyẹn. Kò sí abẹ́rẹ́ kan tó ń lé e lọ. Mo sunkún níwájú ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ti gbà mí gbọ́ rí.

Ó ní kí n má fipá ṣiṣẹ́, kí n jókòó kó tó rẹ̀ mí. Mo ń sẹ́ gàrí lónìí, ó dọ̀la kí n tó yan án, agbada kan péré, mo sì yí àpótí mi kúrò lọ́nà èéfín.

Àléébù wọn ni pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìkan ni dókítà ń wá, aago 7 ni mo dé, ó di 12 kí wọ́n tó pè mí, orí bẹ́ǹṣì líle ni mo sì wà. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Ìsánlú, ẹ mú ẹnìkan dání. Nígbà tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé mi ò lè jókòó mọ́, ó tẹ́ ẹní fún mi.

Ara ò tíì yá tán. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fẹsẹ̀ ara mi rìn dé ọjà, mo ra irú, mo gbóòórùn ẹ̀.