Gíláàsì TEC 15 fún Iṣẹ́ Fífi Oòrùn Pín Omi: Ibi Tó Ti Dára àti Ibi Tó Kù Díẹ̀ Káàtó

Àwa tí a ń fi oxide irin pín omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn lábẹ́ oòrùn máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ohun tí a tẹ́ sórí gíláàsì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dárúkọ gíláàsì fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni TEC 15, tí ilé iṣẹ́ NSG ń tà lábẹ́ orúkọ Pilkington. Gíláàsì fèrèsé lásán ni, àfi pé wọ́n ti fi oxide tánńganran (tin) tó ní fluorine díẹ̀ nínú bo ojú rẹ̀ kan ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí iná mànàmáná lè gba ojú yẹn kọjá nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì ń là á já. Nọ́ńbà 15 inú orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ìdènà iná: nǹkan bí ohm 15 láti etí kan sí èkejì onígun mẹ́rin ọgbọọgba, bó ti wù kí onígun mẹ́rin náà tóbi tó.

Ojú lásán kò lè tètè mọ ibi tí wọ́n bò. Mítà ni kí ẹ fi wò ó, nítorí ojú tí wọ́n bò nìkan ni mítà yóò ti fi nọ́ńbà hàn. Ìpele náà le, ó sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì dan-in dan-in, torí pé ìgbà tí gíláàsì ṣì gbóná nílé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń tẹ́ ẹ lé e. Ọṣẹ, acetone àti ethanol kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ooru pàápàá kì í tètè bà á jẹ́. Ohun tó fi ta ITO yọ nìyí, ìyẹn oxide indium tó ní tánńganran nínú, tí wọ́n tún ń fi bo gíláàsì, nítorí pé ITO máa ń pàdánù agbára láti gbé iná tí ooru bá ti pọ̀ lórí rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Ìdí tí ooru fi ṣe pàtàkì ni hematite, oxide irin tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ìpáàrà. Ó pọ̀ nílẹ̀, kò wọ́n, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí, ìṣirò sì fi hàn pé ó yẹ kó lè mú milliampere 12.6 wá lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó lábẹ́ oòrùn. Ṣùgbọ́n àwọn àlàfo ẹ̀lẹ́kítírónì tí ìmọ́lẹ̀ ń dá sílẹ̀ nínú rẹ̀ kì í rìn ju nanómítà 2 sí 4 lọ kí wọ́n tó parẹ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé jìn ju nanómítà 100 lọ kó tó tán. Ìdí nìyẹn tí Kay, Cesar àti Grätzel fi ṣe é ní ẹlẹ́ka tín-ín-rín ní EPFL, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Lausanne ní Switzerland, tí wọ́n sì fi silicon lù ú. Ní ọdún 2006, wọ́n rí milliampere 2.2 ní fólìtì 1.23.

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ọ̀pọ̀ wa ni pé kí a ki gíláàsì yìí bọ inú omi iron chloride àti sodium nitrate ní nǹkan bí 100°C. Awọ ìyeyè kan yóò hù sára rẹ̀. Tí a bá sì gbé e sínú iléru ní 550°C, yóò pupa bí osùn. Ó dára lójú, àmọ́ iná tó ń tibẹ̀ jáde kò tó nǹkan. Ìgbà tí a bá gbé iléru dé 800°C fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iná náà máa ń pọ̀ sí i, ara ohun tó sì ń fà á ni pé tánńganran inú ìpele gíláàsì ń gòkè wọ inú hematite, ó sì ń jẹ́ kí iná rìn nínú rẹ̀. Gíláàsì náà di ara èròjà. Nínú gbogbo àǹfààní TEC 15, èyí ni mo mọ rírì rẹ̀ jù, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń pe hematite rẹ̀ ní ògidì rántí rẹ̀.

800°C yìí kan náà ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Gíláàsì fèrèsé kò lè dúró ṣinṣin nínú irú ooru bẹ́ẹ̀: yóò rọ̀, etí rẹ̀ yóò tẹ̀, ìdènà iná lójú rẹ̀ yóò sì ga sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sórí seramiki tó tẹ́jú, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

Aléébù tó tóbi jù ni ti ìwọ̀n. Tí ẹ̀lẹ́kíródù (gíláàsì tí a ti tẹ́ oxide sí) tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó bá ń mú milliampere 4 wá, tí a sì mú iná náà láti etí kan, fólìtì tó ń ṣòfò nínú ìpele náà kò ju nǹkan bí 0.03 lọ, kò sì sẹ́ni tí yóò bìkítà. Ẹ sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú àti 10 lóròó: milliampere 400 ni yóò máa gba ojú kan náà kọjá, fólìtì tó ń ṣòfò yóò sì tó 3, bẹ́ẹ̀ fólìtì 1.23 ni pípín omi fúnra rẹ̀ ń béèrè ó kéré tán. Èsì tó dára lórí ègé kékeré kò tíì sọ ohunkóhun fún wa nípa pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ńlá gbọ́dọ̀ fi ìlà fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i kó sì bò ó kí omi má bàa kàn án, tàbí kó lo TEC 7, tí ìdènà rẹ̀ fi bí ìdajì kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ kì í là á já tó ti TEC 15.

Fún titanium dioxide, oxide mìíràn tí a ń fi pín omi, ẹ tan ìmọ́lẹ̀ sí i láti iwájú, níbi tí oxide náà wà, nítorí gíláàsì náà ń gbé lára ìtànṣán ultraviolet tó nílò mì. Ní ti bismuth vanadate, tí a tún ń fi pín omi, tí a kì í sì sábà sun kọjá 500°C, gíláàsì yìí kì í tẹ̀ rárá, mo sì gba àwọn tó ń lò ó níyànjú pé kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ oxide tánńganran tí kò ní fluorine sáàárín méjèèjì.